Kẹ̀kẹ́ Gígùn fún Àgbà

Ìyá Lẹ́tà ti pa ohun tó kọ rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí alábòójútó ilé ìgbafẹ́ tó na ọwọ́ kọjá orí tábìlì, tó sì fún un ní fọ́ọ̀mù tuntun.

"Ẹ má pa á rẹ́ mọ́, mà," ni alábòójútó wí. "Ibẹ̀ yẹn ò le. Bó bá jẹ́ pé àwa la máa máa san owó oṣù yín, ẹ fàlà sí 'òṣìṣẹ́'. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ni iṣẹ́ yín, tẹ́ ẹ máa wá akẹ́kọ̀ọ́ yín fúnra yín, tó kàn jẹ́ pé pápá wa lẹ fẹ́ lò, ẹ fàlà sí 'olùkọ́ adádúró'."

Ìyá Lẹ́tà wo ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi jẹ́ òṣìṣẹ́. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló fún un ní aṣọ, àwọn ló fún un ní kẹ̀kẹ́, àwọn náà ló sì ń sọ fún un láràárọ̀ òpópónà tí yóò kọ́kọ́ gbà. Àwọn ará àdúgbò kò tilẹ̀ rántí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́; Ìyá Lẹ́tà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ti dín kù, ọkọ̀ kan ṣoṣo sì ti gba iṣẹ́ ẹni mẹ́rin. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ní kí àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà máa lọ sílé, kí ẹni tó bá fẹ́ sì mú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dání. Ó mú tirẹ̀. Ó bá àwọn méjì tí kò fẹ́ tiwọn sọ̀rọ̀, ó mú tiwọn náà.

Ó fàlà sí 'olùkọ́ adádúró'.

"Orúkọ kíláàsì ńkọ́?"

"Kẹ̀kẹ́ gígùn fún àgbà."

Alábòójútó gbé ojú sókè. Obìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni, ẹni tó máa ń to bírò rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tó sì máa ń ka ohun gbogbo lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ sí i. Ó béèrè bóyá àgbà tiẹ̀ wà tí kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ìyá Lẹ́tà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní wọ́n pọ̀ ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Àwọn ló máa ń dá òun dúró lẹ́nu géètì wọn, tí wọ́n á gba lẹ́tà tán, tí wọn ò ní wọlé, tí wọ́n á máa fọwọ́ ra ìjókòó kẹ̀kẹ́ òun bí ẹni ń fọwọ́ ra orí ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n á wá rọra sọ pé àwọn ò kọ́ ọ nígbà èwe, ó sì ti pẹ́ jù báyìí.

Alábòójútó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ka òfin ilé ìgbafẹ́ fún un. Kíláàsì ìdánwò kan yóò wáyé lọ́jọ́ Sátidé, òun fúnra òun yóò jókòó wò ó. Ẹni mẹ́fà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, ó kéré tán. Bí wọn ò bá pé mẹ́fà títí di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, òun ò ní lè fọwọ́ sí i, pápá yóò sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, káfíńtà tí wọ́n jọ ń gbé nínú ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó fi ọwọ́ lẹ́rán. Ó ti bá a wá iṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rù kan níbi tó ti lè jókòó máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Ó béèrè pé ta ni ẹni àádọ́ta ọdún tó máa fi owó ara rẹ̀ wá ṣubú ní gbangba. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó mú sípánà rẹ̀ jáde, ó jókòó tì í lórí àpótí lẹ́yìn ilé, àwọn méjèèjì sì jọ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ṣéènì. Ó ní kì í ṣe pé òun fara mọ́ ọn o, ariwo tí ṣéènì náà ń pa ni òun ò fẹ́ gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gba ojú ọ̀nà tó ti ń gbà láti ọjọ́ pípẹ́, àpò ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ṣófo. Àwọn ajá tó mọ̀ ọ́n kò gbó. Àwọn èèyàn yọjú, wọ́n ń béèrè lẹ́tà. Ó ní kò sí lẹ́tà, ara òun ni òun gbé wá lónìí. Òun tí kì í sọ ju "ẹ kú àárọ̀, ẹ fọwọ́ síbí" lọ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà olónílé, ó ń ṣàlàyé, òógùn ń bò ó. Ní ilé àkọ́kọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní ilé kejì, wọ́n ní àwọn á rò ó wò. Ní ilé kẹta, aránṣọ kan tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kò ga, tí kì í wo èèyàn lójú, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, ó yí padà, ó wọlé. Ìyá Lẹ́tà rò pé ó ti parí nìyẹn. Àṣé bàtà pẹlẹbẹ kan ló lọ mú wá.

"Ṣé èyí á ṣe é lò?" ló béèrè.

Kí ọjọ́ kejì ìrìn náà tó parí, orúkọ márùn-ún ti wà nínú ìwé. Ẹnì kẹfà fúnra rẹ̀ ló wá sílé. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò ni, ọkùnrin gíga tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣì ń wọ kóòtù tó sì ń mú agbòòrùn dání bí ẹni ń lọ ṣí ìpàdé. Ó kọ́ Ìyá Lẹ́tà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó pè é ní orúkọ tó ń jẹ́ nílé ìwé, Ìyá Lẹ́tà sì dìde dúró kó tó mọ̀ pé òun ti dìde.

"Mo gbọ́ pé o ń wá èèyàn," ọ̀gá àgbà ní. "Kọ orúkọ mi sí i. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n gùn o. Mo kàn fẹ́ rán ara mi létí ni, kí n sì fún ọ níṣìírí."

Ó dúpẹ́ títí ọ̀gá àgbà fi jáde ní géètì.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó ti dé pápá onísìmẹ́ńtì tó wà lẹ́yìn ilé ìgbafẹ́ ní wákàtí kan ṣáájú gbogbo èèyàn. Láti ibi ògiri, ilẹ̀ náà rọra dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sọ́nà géètì, ohun tó sì mú kó yàn án nìyẹn. Ó fa ìjókòó kẹ̀kẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, tirẹ̀ àti méjì tó gbà àti ọ̀kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wú jáde láti inú àjà. Lẹ́yìn náà ló yọ gbogbo pẹ́dáàlì wọn. Tapá òsì, òdì ni wọ́n ń yí i. Ó ti rí ọkùnrin mélòó kan tó fi agbára ba ti kẹ̀kẹ́ wọn jẹ́ nítorí wọn ò mọ̀.

Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé. Alábòójútó gbé àga oníke kan sí ìbòòji, ó ṣí ìwé rẹ̀ lórí itan.

"Lónìí, ẹsẹ̀ yín la máa fi ti ilẹ̀," Ìyá Lẹ́tà sọ fún wọn. Ohùn rẹ̀ kéré ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Ẹ jókòó, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín. Bó bá ti ń yí fúnra rẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀. Ojú yín, géètì ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Ẹ má wo ilẹ̀."

"Kẹ̀kẹ́ tí kò ní pẹ́dáàlì," ọ̀gá àgbà ní, "ṣé kẹ̀kẹ́ nìyẹn?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Lẹ́tà náà rẹ́rìn-ín, kó má bàa dà bíi pé ó bínú. Àṣìṣe rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, torí láti ìgbà náà lọ, ohùn méjì ló wà lórí pápá. Bó bá ní kí wọ́n rọra, ọ̀gá àgbà á ní kí wọ́n múra sí i. Bó bá ní kí wọ́n sinmi, ọ̀gá àgbà á ṣàlàyé ìdí tí ìsinmi fi dára. Òun fúnra rẹ̀ jókòó gẹlẹtẹ lórí kẹ̀kẹ́ kan, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, kò kúrò lójú kan. Nígbà tó kan aránṣọ, tó ti ń yí lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti fẹ́ kúrò nílẹ̀, ọ̀gá àgbà nahùn sí i pé, "Táyà iwájú! Wo táyà iwájú rẹ!"

Aránṣọ wo táyà iwájú. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yí, kẹ̀kẹ́ sì dà á sórí sìmẹ́ńtì.

Kò ṣèṣe púpọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló bó, ojú sì tì í débi pé ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́. Ìyá Lẹ́tà fọ ọwọ́ náà, ó fi báńdéèjì dì í. Bó ṣe ń dì í lọ́wọ́, ó ń gbọ́ ọ̀gá àgbà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ṣàlàyé fún àwọn yòókù ohun tó fa ìṣubú náà. Fún ìṣẹ́jú kan, ó tún di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó dúró níwájú tábìlì gíga kan tí kò sì mọ ìdáhùn. Ó wo aránṣọ. Aránṣọ ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ó dìde, ó lọ bá ọ̀gá àgbà níbi tó jókòó sí.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ yẹn."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ní kó wo táyà. Ohun tó gbé e ṣubú nìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè máa darí níbí, sà, èmi sì ni."

Bírò alábòójútó dúró. Ọ̀gá àgbà sọ̀kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó fa ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lé ẹni tó sún mọ́ ọn lọ́wọ́, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe. Ó ṣí agbòòrùn rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn kò mú, ó sì jáde láì wẹ̀yìn. Ìyá Lẹ́tà dúró, ó ń retí kí àwọn tó kù tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó lọ. Wọ́n di kẹ̀kẹ́ mú, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Ó bá wọn ṣe é títí àkókò fi pé.

Lẹ́yìn tí wọ́n tú ká, alábòójútó pa ìwé rẹ̀ dé.

"Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ṣe ohun tó yẹ," ó ní. "Èmi ì bá má lè ṣe é, mà. Èmi náà kàwé lábẹ́ wọn." Ó kó bírò rẹ̀ jọ. "Ṣùgbọ́n ẹni márùn-ún ló kù. Mi ò lè fọwọ́ sí márùn-ún."

Nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sọ pé òun ti sọ tẹ́lẹ̀, èyí tó burú ju bó bá sọ ọ́ lọ. Ó ní kó lọ bẹ ọkùnrin náà. Ìyá Lẹ́tà ní kí ni òun fẹ́ tìtorí ẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun ò sọ pé ó jẹ̀bi, òun sọ pé àgbà ni. Ìyá Lẹ́tà ronú sí i títí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ pé òun ṣe àṣìṣe, ọ̀gá àgbà yóò padà wá, wọn yóò pé mẹ́fà, kíláàsì yóò sì di ti ọ̀gá àgbà. Bí òun ò bá sì lọ rárá, kò ní sí kíláàsì kankan. Ó wọ aṣọ tó dára, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ.

Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Kò pè é ní orúkọ tó ń jẹ́ nílé ìwé lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní kó wọlé, ó ṣáájú, Ìyá Lẹ́tà sì tẹ̀lé e gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan níbi tí kẹ̀kẹ́ dúdú kan fẹ̀yìn ti ògiri. Ó mọ kẹ̀kẹ́ náà. Láràárọ̀ nígbà èwe rẹ̀, ọ̀gá àgbà máa ń tì í wọ ọgbà ilé ìwé, pẹ̀lú àpò ìwé lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ọmọ ilé ìwé á sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, torí kò lè kọjá lára kẹ̀kẹ́ kó má wò ó. Rọ́bà ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti jẹ, ó ti ń dán bíi gíláàsì. Rọ́bà pẹ́dáàlì rẹ̀ rí bí ìgbà tí wọ́n rà á; àwọn ìlà tín-ín-tìn-ìn-tín ara rẹ̀ ṣì mú.

Nígbà tó gbé ojú sókè, ọ̀gá àgbà ń wò ó.

"O ti rí i," ọ̀gá àgbà ní.

"Mo ti rí i, sà."

"Ọdún mẹ́rìndínlógójì. Mo ń tì í lọ, mo ń tì í bọ̀. Mo rà á pé màá kọ́ ọ lọ́jọ́ ìsinmi àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni mo di ọ̀gá, àwọn ọmọ sì wà níbi gbogbo." Ó fọwọ́ gba ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà. "Wọ́n ní mò ń fi yangàn ni."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Ìyá Lẹ́tà, ó pa á mọ́nú. Ọ̀gá àgbà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, Ìyá Lẹ́tà sì wá tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà títí ọ̀gá àgbà fi yọ aṣọ ìnujú.

Wọ́n jókòó. Ìyá Lẹ́tà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù.

"Mo wá bẹ̀ yín, sà, torí pé ojú gbogbo èèyàn ni mo ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ, màá tún sọ ọ́ bó bá tún ṣẹlẹ̀."

Ó dà bíi pé ọ̀gá àgbà ń wo ọ̀rọ̀ náà yíká bí ẹni ń wá ibi tó ti máa mú un.

"Ibo lo ní kí èèyàn máa wò?" ló béèrè níkẹyìn.

"Géètì, sà."

"Géètì." Ó mi orí. "Ṣé mo lè mú tèmi yẹn wá?"

"Ẹ lè mú un wá. Ṣùgbọ́n màá yọ pẹ́dáàlì rẹ̀ o, sà."

"Yọ ọ́," ọ̀gá àgbà ní. "Kò kúkú ṣiṣẹ́ kankan rí."

Lọ́jọ́ Ajé, kí ọ̀sán tó pọ́n, alábòójútó ka orúkọ mẹ́fà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fọwọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fún kíláàsì náà. Ọ̀gá àgbà ń wá ṣáájú, ó ń dúró sórí ìlà, kò sì sọ̀rọ̀ àfi bí wọ́n bá bi í. Ó ṣe kedere pé ìdákẹ́ náà ni í lára. Nígbà míì á fi ọwọ́ bo ẹnu. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, tí pẹ́dáàlì ti padà sára kẹ̀kẹ́, ó gbéra láti ibi ògiri, ojú rẹ̀ kò kúrò lára géètì, ó wà á lọ tààrà, ó sì gbàgbé pé bíréèkì wà. Wọ́n bá a níbi tó ti gbá géètì mọ́ra, kóòtù rẹ̀ ti ya lápá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ní kí ẹnikẹ́ni má rán kóòtù náà. Àwọn yòókù ń gùn ún yípo pápá, wọ́n ń fi orúkọ pe ara wọn, wọ́n ń yọ ara wọn lẹ́nu bí ọmọ ilé ìwé. Ìyá Lẹ́tà ń sáré láàrin wọn, ohùn rẹ̀ ti là, ó sì máa ń sùn dáadáa.

Aránṣọ nìkan ló kù. Ó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú bàtà pẹlẹbẹ rẹ̀. Á fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, kẹ̀kẹ́ á yí, ṣùgbọ́n bó bá ti kan kí ẹsẹ̀ gbéra, ara rẹ̀ á kọ̀ ọ́. Kò ráhùn. Á ní kí ẹlòmíràn gba kẹ̀kẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, alábòójútó pe Ìyá Lẹ́tà sínú ọ́fíìsì. Inú rẹ̀ dùn, kò sì fi pa mọ́. Ó ní èèyàn mọ́kàndínlógún ló ti forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì tó kàn, àwọn ọ̀gá òun sì fẹ́ kí Ìyá Lẹ́tà di òṣìṣẹ́ gidi. Wọn á fún un ní aṣọ, owó oṣù, àti ìwé àkókò. Àwọn á máa wá akẹ́kọ̀ọ́ fún un, àwọn á sì máa pín wọn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ, ó ju hámà sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti sọ fún gbogbo ẹni tó wá gbé àga lọ́dọ̀ rẹ̀. Inú Ìyá Lẹ́tà náà dùn. Ó ti mọ bí ọkàn ṣe ń balẹ̀ bí owó oṣù bá ń wọlé, kò sì ní purọ́ fún ara rẹ̀ pé kò wù ú. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà sùn, ó sì gbé e jí. Lọ́jọ́ kejì ó padà sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó béèrè pé aránṣọ tí kò tíì gùn ún ńkọ́.

Alábòójútó wo ìwé rẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tirẹ̀ ti pé. Bó bá fẹ́, ó lè tún orúkọ kọ, kó tò sẹ́yìn àwọn mọ́kàndínlógún náà.

"Kò ní tún orúkọ kọ," Ìyá Lẹ́tà ní. "Mo mọ̀ ọ́n. Á kí mi, á sì lọ sílé."

"Òfin ni, mà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é fún gbogbo òṣìṣẹ́ wa."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n máa dá dúró."

Alábòójútó sún bírò kan, ó tún sún un padà. Ó ṣàlàyé pé kò ní sí owó oṣù, pé bí òjò bá rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò wá, Ìyá Lẹ́tà nìkan ni yóò ru àdánù rẹ̀. Ìyá Lẹ́tà ní òun mọ̀. Ó dúpẹ́, ó sì dúpẹ́ tọkàntọkàn, torí ẹnì kan kò fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ̀ ọ́ láti ọdún mọ́kànlélógún. Ó gba fọ́ọ̀mù, ó jókòó, ó kọ ọ́ láì pa nǹkan kan rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi jẹun tán. Nígbà tó ń palẹ̀ àwo mọ́, ó ní òun rí kẹ̀kẹ́ kan tó rẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù, bóyá ẹni tí kò ga á lè lò ó. Ìyá Lẹ́tà ní ó dáa, kí wọ́n jọ lọ wò ó.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Sátidé ni kíláàsì tuntun yóò bẹ̀rẹ̀. Ó sọ fún aránṣọ pé kó wá ní mẹ́sàn-án. Pápá dá, òjò àná ti fọ sìmẹ́ńtì mọ́, àwọn méjèèjì nìkan ló sì wà níbẹ̀. Aránṣọ jókòó sórí kẹ̀kẹ́ tó rẹlẹ̀ náà, ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ó yí lọ díẹ̀, ó fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ó padà sí ibi ògiri. Ó tún ṣe é. Ní ìgbà kẹjọ, ó dúró, kò wo Ìyá Lẹ́tà lójú.

"Mò ń fi àkókò yín ṣòfò, mà," ó ní.

Ìyá Lẹ́tà fọwọ́ tún ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà ṣe lábẹ́ rẹ̀, ó sì kúrò lọ́nà fún un.

"Àkókò tèmi ni," ó ní. "Èmi ni mo ni ín. Ó yá, padà sí ibi ògiri."

Aránṣọ yí kẹ̀kẹ́ padà, ó tún gbéra.